Ooru Ló Ṣáájú Òògùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Òròmọdìẹ Tó Ń Ṣàìsàn

Láti nǹkan bí oṣù keje ni àwọn tó ń ronú adìẹ Kérésì ti máa ń lọ ra pálí àkùkọ kéékèèké, 50 nínú pálí kan. Inú ọmọdé á dùn, inú àgbà á dùn. Kò ní pẹ́ tí ọ̀kan á fi dìjú sí igun, èkejì á tẹ̀ lé e, ẹni tó ni wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn. Ọ̀pọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì lè jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ ẹran ló ń dà wọ́n láàmú. Òmíràn nínú wọn kì í sùn mọ́jú. Òògùn ni wọ́n ń lé, nígbà tí ohun tó ń pa òròmọdìẹ náà kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú òògùn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá, ẹ̀ka rẹ̀ ni gbogbo ìyókù: bí òròmọdìẹ bá ń ṣàìsàn, ẹ mú un gbóná, ẹ fún un lómi, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ tó ronú kan òògùn. Ẹni tó bá fi òògùn ṣáájú á náwó, á sì tún gbẹ́ ilẹ̀ sin òkú.

Àwọn bàbá wa ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó bá adìẹ gan-an mu. Ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ ni. Nínú igbó ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, níbi tí àwọn babańlá adìẹ ti wá, èyí tó bá fi hàn pé ó rẹ òun ni ẹranko apẹran máa kọ́kọ́ gbé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá á máa fi àgógó ṣá a. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá rí òròmọdìẹ tó dìjú lọ́sàn-án gangan, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ wọ́lẹ̀, tó wú bí ẹni pé òtútù ń mú un, àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe ohun tí à ń wò di ọ̀la. Wákàtí tí ẹ rí i gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti gbogbo wọn, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ máa wò wọ́n, ẹ sì máa gbọ́ ohùn wọn. Òròmọdìẹ tí ara rẹ̀ dá máa ń ké jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, á máa jẹ, á máa sáré, á tún ṣàdédé sùn lọ, á sì tún dìde. Èyí tí ìyà ń jẹ máa ń ké kíkankíkan, igbe náà á há, kò ní dákẹ́. Èyí tó ti rẹ̀ jù á dákẹ́ pátápátá, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sì yẹ kó bà yín lẹ́rù ju igbe lọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ìka kan àpò oúnjẹ tó wà ní ọrùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí òròmọdìẹ bá ti jẹ tó mu lójúmọ́, àpò yìí máa ń yọ sọ́wọ́, ó máa ń rọ̀. Bí ó bá ṣófo nígbà tí àwọn yòókù kún, ẹ ti rí aláìsàn yín kó tó dìjú rárá. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ sọ èyí di àṣà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò gba owó, kò sì gba ìmọ̀ ìwé.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ooru, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wọn wà. Òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò tíì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Irun múlọ́múlọ́ ara rẹ̀ kò lè dá òtútù dúró títí ìyẹ́ gidi á fi hù, ìyẹn sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí ìyá rẹ̀ fi ọjọ́ 21 sàba lé lórí máa ń sá sábẹ́ ìyá náà, ara ìyá gbóná ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń wà níbẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá kó tó tún jáde wá jẹun. Èyí tí a rà nínú pálí kò ní ìyá, àwa la gba ipò ìyá náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tó ń sùn gbọ́dọ̀ gbóná tó 32 sí 35; lẹ́yìn náà, kí a máa dín in kù ní nǹkan bí 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ á fi bò ó lára. Ẹ rò ó wò: ní òru oṣù keje ní Ìbàdàn, tí òjò ń rọ̀, ojú ọjọ́ lè tutù dé nǹkan bí 22. Àwa á fa aṣọ bora, a ó sì gbádùn oorun wa. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ooru òru yẹn fi kéré sí ohun tí ara òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ kan ń bèèrè. Bí ẹ bá wá gbé pálí náà lé orí sìmẹ́ǹtì láìtẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ náà á tún máa fa ìwọ̀nba ooru tó kù lára wọn.

Tẹmómítà dára, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní i, àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn á fi hàn yín. Bí wọ́n bá kó jọ gbìì sábẹ́ iná, tí wọ́n ń gun ara wọn lórí, tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Ibi ìgungun yẹn ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa ń kú sí. Bí wọ́n bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n ń mí gúlegúle, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tú ká, tí òmíràn ń jẹ, tí òmíràn na ẹsẹ̀ tó ń sùn, ó tọ́. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ kí apá kan gbóná kí apá kejì má gbóná tó bẹ́ẹ̀, kí kálukú wọn lè yan ibi tó wù ú.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí nípa iná. Kì í dúró lọ́dọ̀ wa, gbogbo wa la mọ̀. Bí ẹ bá ń lo gílóòbù, ẹ rántí pé àwọn gílóòbù funfun tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó wà nínú ilé gbogbo ènìyàn báyìí, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń mú wá, wọn kì í mú ooru wá. Gílóòbù àtijọ́ tí ọwọ́ kò ṣeé gbé lé ni òròmọdìẹ ń fẹ́. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ da omi gbígbóná sínú ike tó lágbára, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí àárín wọn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà bó bá ti ń tutù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lo èédú nínú ìkòkò, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ó ń pa òròmọdìẹ, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹni tó bá ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú òròmọdìẹ àti ìkòkò èédú ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Kí èédú pọ́n dáadáa níta kí ẹ tó gbé e wọlé, kí fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ lókè.

Aláìsàn ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù, nítorí ohun tó ń ṣe é lè ràn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ wá pálí kékeré, ẹ tẹ́ èérún pákó tàbí aṣọ sí i, ẹ gbé e sí ibi tí òun nìkan á ti rí ooru tó pọ̀. Kí pálí náà má jìnnà sí àwọn yòókù jù, kó máa gbọ́ ohùn wọn, nítorí òròmọdìẹ tó bá dá wà kì í fẹ́ jẹun. Bí ẹ bá mú un tí ara rẹ̀ tutù lọ́wọ́, ẹ dì í mú mọ́ àyà yín nínú aṣọ títí ara rẹ̀ á fi yá. Ẹ má tíì fún un lóúnjẹ. Inú tó tutù kì í lè da oúnjẹ. Ohun tí ẹ bá kì sí i lẹ́nu á dúró sí ọrùn rẹ̀, á sì kan.

Lẹ́yìn ooru, omi ló kàn. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni o, kì í ṣe èyí tó jáde láti inú fíríìjì. Ẹ da gúlúkóòsì díẹ̀ sí i. Bí kò bá sí, ṣúgà náà á ṣe é fún ọjọ́ kan. Ẹ fi ìka ta ẹ̀kán omi náà sí ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀, kó lá a fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ rọra ki ṣónṣó àgógó náà bọ omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi síríǹjì tu omi sí i lọ́fun. Ọ̀nà èémí adìẹ ṣí sílẹ̀ ní ìdí ahọ́n rẹ̀ gan-an. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, òròmọdìẹ náà á sì kú sí yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń ṣàánú rẹ̀. Àwo omi gbogbo wọn náà kò gbọ́dọ̀ jìn. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tó ti mọ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa rì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù àìjẹun bà yín jù ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí òròmọdìẹ tó jáde nínú ẹyin, ìyókù pupa ẹyin máa ń wọ inú rẹ̀ lọ, ìyẹn sì lè gbé e ró fún ọjọ́ 2 sí 3. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti kó pálí òròmọdìẹ láti Ìbàdàn lọ sí Kánò nìyẹn. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ òròmọdìẹ tí wọ́n pò fún ọjọ́ orí wọn ni kí wọ́n jẹ, kì í ṣe oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin, nítorí àpọ̀jù kálíṣíọ̀mù inú rẹ̀ ń ba kíndìnrín ọmọ adìẹ jẹ́. Fún èyí tó rẹ̀, pupa ẹyin tí a sè tí a sì fọwọ́ fọ́ kúnná dára púpọ̀; ẹ fi díẹ̀díẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ẹ kó ìyókù kúrò kó tó bàjẹ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbóná tó sì ti mu omi, ẹ wá yí i wò. Bí ìgbẹ́ bá ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀, tí ihò ìdí ti dí, ìyẹn nìkan lè pa á, ó sì rọrùn láti wò. Ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ títí á fi rọ̀, kó bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má fà á. Bí ẹ bá fà á, awọ ara á bá a lọ. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì dá a padà sínú ooru kíákíá, nítorí òròmọdìẹ tó tutù nínú omi ń wá ikú. Òtútù tàbí àpọ̀jù ooru ló sábà máa ń fa ìgbẹ́ yìí. Bí ẹ kò bá tún ooru ṣe, ẹ ó tún nù ún lọ́la. Ìdodo rẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀, ẹ má ṣe ṣèèṣì já ohun tó gbẹ sí ojú ìdodo. Bí ìdodo náà bá wú, tó pọ́n, tó ń rùn, tí ikùn rẹ̀ rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, kòkòrò ti wọ ibẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti pa ẹyin náà. Díẹ̀ ló ń yè nínú irú wọn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì máa ń kú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á fún yín mọ̀.

Ti ẹsẹ̀ tó yà sọ́tùn-ún sósì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bébà tàbí ike tó ń yọ̀ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ fún wọn ló sábà máa ń fà á. Ẹ yí ohun tí ẹ tẹ́ padà, ẹ fi pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹsẹ̀ méjèèjì kí wọ́n dúró ní ìwọ̀n tó yẹ, ọjọ́ mélòó kan ni. Bó bá tètè rí ìtọ́jú, á rìn.

Ẹsẹ̀ mìíràn wà tí pílásítà kò lè wò, èyí tí ọmọ ìka rẹ̀ ká sínú bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́. Àìtó fítámì ló ń fa ìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní B2. Ọ̀rọ̀ fítámì àti adìẹ ní ìtàn kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà ará Netherlands kan, Christiaan Eijkman, ń ṣiṣẹ́ ní Batavia, ìlú tí à ń pè ní Jakarta lónìí ní Indonéṣíà. Àìsàn kan tó ń jẹ́ beriberi ló ń pa àwọn ènìyàn ibẹ̀, tó ń gba agbára ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì gbà pé kòkòrò ló fà á. Lójijì, àwọn adìẹ tí Eijkman fi ń ṣèwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, wọn kò lè dúró mọ́. Ó wá kòkòrò títí, kò rí i. Kò pẹ́, ara àwọn adìẹ náà tún dá láìlo òògùn. Nígbà tó wádìí, ó rí i pé ìrẹsì funfun sísè láti ilé ìdáná ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ti ń fún àwọn adìẹ náà jẹ. Alásè tuntun dé, ó ní ìrẹsì ọmọ ogun kì í ṣe ti adìẹ, ni wọ́n bá padà sí ìrẹsì tí wọn kò bó awọ rẹ̀. Inú awọ ìrẹsì yẹn ni ohun tí ara wọn ń wá wà, fítámì tí a wá mọ̀ sí B1. Wọ́n fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929.

Ìdí tí mo fi mú ìtàn yìí wá ni pé ẹni tó bá ń fi ìrẹsì funfun tàbí gàárì nìkan bọ́ òròmọdìẹ lónìí ń tún ìrírí Batavia ṣe ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Òròmọdìẹ tó gbé orí sẹ́yìn tó ń wo òkè, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ó lè jẹ́ pé ebi fítámì ló ń pa á. Ẹ fi fítámì adìẹ sínú omi rẹ̀, ẹ yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, tí kò sì tíì pẹ́ jù, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láìpẹ́ ọjọ́.

Fítámì B1 yìí kan náà ló tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta lọ, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn, tí wọ́n wú, tí wọn kò jẹun, ẹ fura sí àìsàn tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní coccidiosis. Ohun abẹ̀mí tíńtín kan tó ń jẹ́ Eimeria ló ń jẹ ìfun wọn. Inú ìgbẹ́ ló ń gbà jáde, ó sì ń fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin kó tó lè ran òmíràn. Bó bá rí méjèèjì, ọjọ́ kan sí méjì ti tó o. Nítorí náà, ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ àwo omi ni ilé rẹ̀. Ẹ kó èérún pákó tó bá ti rin dànù lójoojúmọ́, iṣẹ́ yẹn ń gbà wọ́n là ju òògùn lọ. Òògùn tó ń bá a jà ni amprolium, inú omi ni wọ́n ń pò ó sí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó fara jọ fítámì B1. Eimeria á gbé e mì bíi pé fítámì ni, ebi á sì pa á. Ẹni tó bá wá ń da fítámì B1 sínú omi kan náà lọ́jọ́ tó ń lo amprolium, ó ń bọ́ Eimeria ni, ó ń fi owó òògùn rẹ̀ ṣòfò. Ẹ parí òògùn náà ná, kí ẹ tó fún wọn ní fítámì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù lọ la dé yìí. Nínú ọjà wa, bí òròmọdìẹ bá ti wú gègé báyìí, òògùn ènìyàn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré rà, tetracycline tàbí ampicillin. Wọ́n á tú kápúsù náà sínú omi, ẹnikẹ́ni kò wọn omi, ẹnikẹ́ni kò wọn òògùn. Kápúsù yẹn kò lè ṣe òtútù ní nǹkan kan, kò lè ṣe Eimeria ní nǹkan kan, kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń ràn án lọ́wọ́ nínú ìfun, èyí tí kò bá sì kú nínú àwọn búburú á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá òògùn náà gbé. Irú kòkòrò tí òògùn kò ràn mọ́ yẹn kì í dúró sára adìẹ. Ó ń gba ọwọ́ àti ẹran wọ inú ilé wa, lọ́jọ́ tí ọmọ ẹni bá sì nílò òògùn yẹn, kò ní jẹ́ mọ́. Ìgbà mìíràn wà tí àìsàn òròmọdìẹ ń fẹ́ irú òògùn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Dókítà ẹranko ló yẹ kó sọ ọ́, kó sọ ìwọ̀n rẹ̀, kó sì sọ iye ọjọ́ tí a ó fi dúró kí a tó jẹ ẹran tàbí ẹyin adìẹ náà.

Mi ò bá ewé jà. Àwọn ìyá wa fún adìẹ ní ewúro àti aáyù, wọ́n sì ní ìdí wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má fi omi kíkorò rọ́pò omi mímu fún òròmọdìẹ tó ń ṣàìsàn. Bí kò bá lè mu ún nítorí ìkorò rẹ̀, òǹgbẹ ló máa pa á.

Àìsàn kan wà tí ooru, omi, ewé àti kápúsù kò lè wò. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú, tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní Newcastle, nítorí pé ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1926. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, láàárín òpin ọdún 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń le jù. Àwọn adìẹ á máa mí pẹ̀lú ìnira, ìgbẹ́ wọn á ní àwọ̀ ewé, ọrùn òmíràn á lọ́ po, apá àti ẹsẹ̀ á rọ, wọn á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilé á fi ṣófo. Bí ọrùn òròmọdìẹ kan ṣoṣo bá lọ́, ẹ lè ronú fítámì. Bí ó bá ti ju ọ̀kan lọ, tí wọ́n sì ń mí pẹ̀lú ìnira, ẹ má fi í ṣeré rárá: ẹ ti ilé adìẹ pa, ẹ má tà, ẹ má ra, ẹ má wọ bàtà yẹn lọ sí ilé adìẹ ẹlòmíràn, ẹ pe dókítà ẹranko.

Bí òròmọdìẹ bá sì kú, òkú rẹ̀ ṣì lè gba àwọn yòókù là. Ẹ má sọ ọ́ sínú gọ́tà. Ẹ fi náílọ́nù méjì wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ gbé e sórí yìnyín, ẹ má fi sínú fíríísà, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan náà. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta, dókítà ẹranko ìjọba sì wà ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí nínú òkú kan lè gba 49 tó kù là. Bí ẹ kò bá gbé e lọ, ẹ sin ín jìn, kí ajá má bàa hú u.

Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan wọ́n, pàápàá èyí tó ń ṣàìsàn. Òròmọdìẹ tí ara rẹ̀ dá náà lè gbé kòkòrò Salmonella. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ẹ má sì fọ àwo omi wọn níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi pamọ́ di ìkẹyìn ni ti àjẹsára, nítorí ìrànlọ́wọ́ yín ni mo ń wá. Òògùn kò lè wo lùkúlùkú, àjẹsára ló lè dènà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, tó ti wà láti ọdún 1924, ń ṣe é lórílẹ̀-èdè wa níbí. Wọ́n ń kán ọ̀kan sí ojú òròmọdìẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òmíràn á tẹ̀ lé e nínú omi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ti àìsàn mìíràn tí wọ́n ń pè ní Gumboro náà á sì wọ àárín wọn. Ẹ bèèrè ìlànà lọ́wọ́ dókítà ẹranko agbègbè yín. Òròmọdìẹ tí ara rẹ̀ dá là ń fún. Ti aláìsàn á dúró títí ara rẹ̀ á fi yá. Ìṣòro tó ń dá àwọn ọlọ́sìn kéékèèké dúró ni pé ìgò kan lè tó adìẹ 200, bí ẹ bá sì ti ṣí i tí ẹ pò ó, wákàtí bíi méjì ni ó ní láti lò. Ẹni tó ní 20 á ní òun ò lè ra ti 200, á sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ládùúgbò tí ilé mẹ́wàá ti ń sin adìẹ. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ dá owó, ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹnì kan gbé àjẹsára náà wá nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kí gbogbo ilé fún adìẹ wọn láàárín wákàtí kan náà. Kí ẹ tó ra pálí tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ ti bá àwọn aládùúgbò yín sọ ọ́.